Ẹ Má Gé Igi Ẹ̀gà

Ibi tí ẹ̀gà bá wà, ariwo kì í wọ́n níbẹ̀. Ariwo yìí ló ń kó ọ̀pẹ àti máńgòrò sí wàhálà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Onílé á ní ẹyẹ kò jẹ́ kí òun sùn, wọ́n sì ti ya imọ̀ ọ̀pẹ òun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Á ránṣẹ́ pe agégi. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀pẹ ti wó, ìtẹ́ ti fọ́n ká, tẹyin tọmọ.

Kí ẹni tó fẹ́ gégi kọ́kọ́ wo akọ ẹ̀gà lẹ́nu iṣẹ́. Á ya imọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, á ta kókó rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, á máa hun ún títí yóò fi di ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dojú kọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, á sorí kodò níbẹ̀, á máa ju apá pe abo wá wò ó. Bí ìtẹ́ bá gbẹ láìsí abo tó gbà á, á tú u palẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Lóòótọ́, ẹ̀gà kò tíì wọ́n, àgbẹ̀ alágbàdo sì mọ ohun tójú òun rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n oko àgbàdo wo ló wà létí márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá? Igi tó kù láàárín ọ̀dà àti kọnkéré ti di erékùṣù fún ẹyẹ.

Erékùṣù gidi ni Rodrigues, tó wà lábẹ́ Mauritius lórí Òkun Íńdíà. Ìbátan ẹ̀gà kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé: ó kéré, ara akọ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ojú rẹ̀ sì tàn bí ọsàn. Wọ́n gé igbó rẹ̀, ìjì tún jà. Ní 1968, ó ku bíi tọkọtaya 5 tàbí 6. Nígbà tí wọ́n gbin igi padà, tí wọ́n sì dáàbò bo igbó, ẹyẹ náà tún di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Láti 2008 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń gbin igi ní 14 July lọ́dọọdún. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ọmọ igi kò lè gbé agbo ẹ̀gà dúró lónìí. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ṣòfin pé a kò gbọdọ̀ gé igi tí ìtẹ́ wà lórí rẹ̀, àfi tó bá fẹ́ wó pa ènìyàn. Bí ẹ̀ka bá kan wáyà iná, kí wọ́n dúró kí ọmọ ẹyẹ fò, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀pẹ fi ń dàgbà, kò sì tó wákàtí kan tí ẹ̀rọ fi ń wó o. Ẹ jẹ́ kó dúró.