ADẸ́TẸ̀ LÓ GBÉ ÌRÒYÌN AYỌ̀ WỌ SAMÁRÍÀ

Tòní máa korò díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bá mi jà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òṣìṣẹ́ ìjọ mẹ́ta wá bá mi. Wọ́n ní kí n yọ arábìnrin kan kúrò nínú akọrin. Kí ló ṣe? Ó ní kòkòrò HIV lára, kò sì fi pamọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ lójú gbogbo wa, òun náà ló ní kí n kọ ọ́ síbí. Bí ọjọ́ kílíníkì bá ti pé, á kúrò l'Ájégúnlẹ̀ ní kùtùkùtù, á fẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn tírélà tó tò sí Wharf Road, á lọ jókòó ti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èsì àyẹ̀wò wọn ní ọsibítù. Kò gba kọ́bọ̀.

Àwọn mẹ́ta yìí ní ó ń kó ìtìjú bá ìjọ. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ rí ìwòsàn ná, kó tó máa jẹ́rìí. Ọ̀kan ní ẹnu ẹ̀ ló fi ń de àìsàn mọ́ ara ẹ̀.

Mo ní rárá o!

Kí n tó bá yín wí, màá kọ́kọ́ bá ara mi wí. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́, mo gbàdúrà fún arákùnrin kan tó ń kó ẹrù ní wọ́ọ̀fù. Mo pariwo pé ó ti parí! Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ó délé, ó da oògùn ẹ̀ nù. Mi ò ní kó dà á nù, àmọ́ mi ò ní kó má dà á nù. Ọdún ò yípo tá a fi sin ín. Àwa tá a pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, mélòó nínú wa ló dé ibi ìsìnkú?

Kì í ṣe Àpápá nìkan. Lọ́dún 2011, BBC gbé e jáde pé ó kéré tán, èèyàn mẹ́ta kú ní London lẹ́yìn tí àwọn pásítọ̀ ní kí wọ́n yé lo oògùn HIV. Pásítọ̀ bíi tèmi!

A máa ń pè é ní àrùn kògbóògùn. Lóòótọ́, oògùn ò tíì lé e tán lára, àmọ́ ó ń gbọ́ oògùn. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé, tí kòkòrò náà wá kéré débi pé ẹ̀rọ ò lè kà á mọ́, kò ní kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ìyá tó ní in lè bí ọmọ tí kò ní in. Ẹni tó bá sì dá a dúró, kòkòrò náà á tún gbérí. Láti 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń pín oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ tó ń sá fún un, ìtìjú ló ń lé wọn. Ta ló sì ń ta ìtìjú yẹn fún wọn? Àwa!

Nígbà tí Fẹlá kú ní 1997, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera, ló sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ni. Kò fi pamọ́ nítorí orúkọ ìdílé. Orúkọ ìjọ wa wá tóbi ju tiwọn lọ ni?

Dókítà mọ oògùn, nọ́ọ̀sì mọ iye tó yẹ. Àmọ́ ta ló lè sọ fún ọmọbìnrin tó ń gbọ̀n lórí bẹ́ǹṣì pé, "Àbúrò mi, wò mí. Mo lo tèmi láàárọ̀ yìí"? Ẹni tó ń lò ó ni. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017, tí wọ́n ṣe lágbègbè Àbújá àti Nasarawa, fi hàn pé àwọn aboyún tó ní irú ìyá bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ́ dáadáa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dúró ti ìtọ́jú ju àwọn yòókù lọ. Àwa ńkọ́? A máa ń gbé gbohùngbohùn àti bisikíìtì lọ sí ọsibítù lásìkò Kérésì, a ya fọ́tò, a padà sílé.

Yorùbá ní adẹ́tẹ̀ ò lè fún wàrà, àmọ́ ó lè dà á nù. Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Àwọn Ọba Kejì, orí 7. Nígbà tí ìyàn mú ní Samáríà, àwọn wo ló kọ́kọ́ rí oúnjẹ? Adẹ́tẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n wá rò ó pé kò dáa káwọn dákẹ́. Ẹ fi ibi tí wọ́n ti wò wọ́n sàn kí wọ́n tó lọ jíṣẹ́ hàn mí. Kò sí! Adẹ́tẹ̀ ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ, adẹ́tẹ̀ ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé ẹnubodè, ìlú sì yè.

Ẹnì kan máa ní Pásítọ̀ ò nígbàgbọ́ mọ́. Mo gbà gbọ́ pé Jésù ń woni sàn, mo sì ń gbàdúrà fún arábìnrin yìí lójoojúmọ́. Àmọ́ nínú Lúùkù 17, Jésù fúnra ẹ̀ ló ní kí adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá lọ fi ara wọn han àlùfáà. Ẹni tó bá rí ìwòsàn, dókítà náà á rí i. Kí dókítà tó sọ̀rọ̀, ẹ má dá oògùn dúró!

Arábìnrin wa ò kúrò nínú akọrin. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, òun ló máa ṣáájú orin. Ẹni tí kò bá lè bá a gbè é, ilẹ̀kùn ò tì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fòní-kú-fọ̀la-dìde, tẹ́ ẹ ń gbé oògùn mì níkọ̀kọ̀, ẹ lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n nílò ẹni tó máa jókòó ti aláìsàn bíi tiyín. Èmi náà á lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lápò mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fara pamọ́. Olúwa á fún wa ní ìgboyà. Àmín.