Àwàdà Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọ̀lẹ: Ẹ̀kọ́ Lára Patricia Routledge

Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa lára láti máa fojú kéré àwàdà. Bí eré-onítàn bá pa wá lẹ́kún, a ó ní iṣẹ́ ọpọlọ ni. Bí ó bá pa wá lẹ́rìn-ín, a ó ní eré lásán ni. Àwọn lámèyítọ́ pàápàá kò yọ sílẹ̀ nínú àṣà yìí. Èrò tèmi ni pé ìdájọ́ náà kò tọ́. Ẹni tí mo sì fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí ni Patricia Routledge, òṣèrébìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jáde láyé ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, lẹ́ni ọdún 96.

Ọdún 1929 ni wọ́n bí i ní Birkenhead, ìlú tí odò Mersey là láàárín òun àti Liverpool. Aṣọ ọkùnrin ni bàbá rẹ̀ ń tà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Liverpool, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eré ní Liverpool Playhouse ní ọdún 1952. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ọdún yìí dáadáa, nítorí pé eré tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, Keeping Up Appearances, kò dé orí amóhùnmáwòrán BBC títí di ọdún 1990. Ọdún 38 ni ó wà láàárín méjèèjì. Kí ni ó ń ṣe ní gbogbo àkókò náà? Iṣẹ́ ni ó ń kọ́, iṣẹ́ náà ni ó sì ń ṣe. Ní ọdún 1968, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Tony ní New York fún ipa rẹ̀ nínú eré olórin Darling of the Day, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà 31 péré ni wọ́n ṣe eré náà kí ó tó kógbá wọlé. Ní ọdún 1984, ó ṣe Ayaba Margaret nínú Richard III ti Shakespeare pẹ̀lú Royal Shakespeare Company. Ní ọdún 1988, Candide, eré olórin tí Leonard Bernstein kọ orin rẹ̀, mú àmì-ẹ̀yẹ Olivier wá fún un. Gbogbo ẹrù ìmọ̀ yìí ni ó rù wọ inú àwàdà.

Roy Clarke ni ó kọ Keeping Up Appearances. Hyacinth Bucket ni ẹ̀dá-ìtàn tí Routledge ṣe, obìnrin tí kò lówó tó bí ó ti ń ṣe. Orúkọ ọkọ rẹ̀, Bucket, korobá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Hyacinth fi dandan lé e pé kí gbogbo ayé máa pè é bí ẹni ń pe Bouquet, ìyẹn ìdì òdòdó. Àwa tí a ń sọ èdè olóhùn kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: a mọ ohun tí ìyípadà ohùn díẹ̀ lè ṣe sí ọ̀rọ̀. Obìnrin yìí fẹ́ fi ẹnu lásán sọ korobá di òdòdó. Gbogbo eré náà ti wà nínú orúkọ kan ṣoṣo.

Ẹ tún wo ti orin. Bí Hyacinth bá ti rí Emmet, arákùnrin aládùúgbò rẹ̀ tí ó ń darí eré olórin, ni yóò bú sórin, kí ọkùnrin náà lè fún un ní ipa nínú eré. Ohùn a máa gbọ̀n, a sì máa ròkè ju bí ó ti yẹ lọ. Emmet a sì máa kọ́kọ́ yọjú wò bóyá ọ̀nà dá kí ó tó jáde nílé. Olórin tí ó gba ẹ̀yẹ ní New York àti London ni ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ orin í kọ! Ẹni tí kò mọ orin ní tòótọ́ kò lè kọ ìkọkúkọ tí yóò dùn-ún gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ariwo lásán ni yóò máa pa. Ní ọdún 1992 tí eré náà ṣì ń lọ lọ́wọ́, Routledge kan náà ni ó ń kọrin nínú Carousel ní National Theatre ní London.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ wà nínú àwọn eré tí Alan Bennett kọ fún un, tí òun nìkan ń dá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú A Woman of No Importance ti ọdún 1982, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni. Àìsàn gbé e dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, síbẹ̀ ó ṣì ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ kò lè lọ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú A Lady of Letters ti ọdún 1988, ó di adánìkangbé tí ń kọ lẹ́tà ẹ̀sùn káàkiri. Ó fẹ̀sùn kan tọkọtaya kan pé wọn kò tọ́jú ọmọ wọn, láìmọ̀ pé ọmọ náà ti kú ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀wọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà gbé e dé, ibẹ̀ ni ó sì ti wá rí ọ̀rẹ́.

Ǹjẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí jìnnà sí Hyacinth? Rárá. Gbogbo wọn ni wọ́n ń fẹ́ kí ayé ka àwọn sí. Orísun kan náà ni a ti pọn ẹkún àti ẹ̀rín. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.

Àwọn kan yóò sọ pé eré Hyacinth kò ju àwítúnwí lọ. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Nígbàkigbà tí ó bá dé ilé Daisy àbúrò rẹ̀, ajá kan a gbó láti inú ògbólógbòó ọkọ̀ tí ó ti kú sí àgbàlá, Hyacinth a sì ta gìrì. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ nínú wa pé ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀ ni àwítúnwí nínú ewì wa? A mọ̀ pé ajá yóò gbó, a sì tún rẹ́rìn-ín, nítorí pé òṣèré náà mọ ìṣẹ́jú àáyá tí ó yẹ kí ó ta gìrì. Nígbà tí Routledge rí i pé eré náà ti ń padà sórí ohun àtijọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó pinnu láti dáwọ́ dúró, eré náà sì parí ní ọdún 1995. Ẹni tí kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí kò lè fi oúnjẹ dídùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Hyacinth ń tijú ará ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ̀ arúgbó, tí iyè rẹ̀ ti ń ra, bá sọnù, òun ni yóò sáré wá a. Ìfẹ́ yìí kò jẹ́ kí a kórìíra rẹ̀. Ìfìwàwẹ̀dá gidi nìyẹn, kì í ṣe yẹ̀yẹ́ ṣíṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀dá-ìtàn kan jẹ́ apanilẹ́rìn-ín, ẹ má ṣe fún un ní máàkì kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ bi í pé: kí ni ẹni náà ń fẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó? Kí ni ó ń bẹ̀rù? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà, bí ẹ bá ní ẹ̀bùn àwàdà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò gba ẹ̀kọ́. Patricia Routledge fi ọdún 38 gbáradì fún un.