Ẹ Jẹ́ Kí Okùn Kọjá

Ohun tó ń bí mi nínú lọ́sẹ̀ yìí ni mílíọ̀nù mẹ́ta tí kò kúrò lẹ́nu àwọn aláṣẹ wa. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò 3MTT kalẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà níṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, òun ni wọ́n fi ń dáhùn gbogbo ìbéèrè. N kò bá ẹ̀kọ́ jà. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀: okùn íntánẹ́ẹ̀tì, iná mànàmáná, àti kí ìjọba fúnra rẹ̀ máa ra iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa. N ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Okùn abẹ́ òkun kò wọ́n wa. MainOne àti Glo-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 2010. Equiano ti Google dé ní 2022. Ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ tó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì láti ri okùn mọ́lẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sanwó fún ìjọba lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn gómìnà fẹnu kò sí N145. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i: nígbà tí 2020 fi máa wọlé, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń béèrè ju N3,000 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní òun fẹ́ ri okùn tó gùn tó 90,000 kìlómítà mọ́lẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Bí gbogbo ìpínlẹ̀ bá gba N145, owó ẹ̀gbẹ́ títì nìkan á tó N13 bílíọ̀nù. Bí wọ́n bá gba N3,000, ó di N270 bílíọ̀nù, kí lébìrà kankan tó gbé ṣọ́bìrì. Ẹni tó ń ra dátà ní Ṣakí àti Ìkàrẹ́ ni wọn yóò gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní ìpínlẹ̀ nílò owó, àti pé àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ń ba títì jẹ́. Òótọ́ ni pé wọ́n ń bà á jẹ́. Wọ́n á gbẹ́ ẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á fi yanrìn dí i, òjò àkọ́rọ̀ á sì jẹ ọ̀dà wọlé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ mìíràn á tún gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà náà, kí ìpínlẹ̀ gba owó àtúnṣe, kó sì fi í tún títì ṣe. Bí wọ́n bá sì ń ṣe títì tuntun, kí wọ́n ri páìpù òfìfo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ní okùn kàn fà á gba inú rẹ̀. Ní ti owó, bí okùn bá mú iṣẹ́ wá, ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ń gba owó orí rẹ̀ lóṣooṣù. Kaduna àti Anambra ti mọ èyí, wọ́n ti fagi lé owó mítà pátápátá.

Àwọn mìíràn á ní ẹ̀kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Íńdíà ti dán an wò. Ọdún 1951 ni wọ́n dá àkọ́kọ́ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní IIT sílẹ̀ ní Kharagpur, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù ń gbà lọ. Ní 1991, ìjọba wọn dá Software Technology Parks sílẹ̀, wọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ọ̀nà sátẹ́láìtì láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà lókè òkun láì kúrò nílé. Ìgbà yẹn ni ẹ̀kọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wọlé. Níhìn-ín, Yábàá kò di ojúkò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nítorí CcHUB, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ ní 2011, nìkan. Okùn MainOne tí ìjọba Èkó jẹ́ kó kọjá wà níbẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ ní Ìṣẹ́yìn, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ìpàdé pẹ̀lú oníbàárà, Èkó ló ń lọ, lẹ́yìn náà Lọ́ńdọ̀nù. Àwa la kọ́ ọ, àwọn ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

N kò tíì dé orí iná, n kò sì tíì dé orí iṣẹ́ tó yẹ kí ìjọba rà, nítorí okùn yìí kò ṣeé fò. Yíyọ owó mítà kúrò kò gba ẹ̀yáwó, kò gba Abuja. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára láti fi òfin pa owó mítà rẹ́. Kí olúkúlùkù bi aṣòfin àdúgbò rẹ̀: èló ni ìpínlẹ̀ wa ń gbà lórí mítà kan, kí ni wọ́n sì fi owó náà ṣe?