Sí Mínísítà Ọkọ̀ Òfurufú: Ta Ló Ń Ṣọ́ Bàálù Tó Ń Rìn Nílẹ̀?

Ẹ̀yin Mínísítà wa,

Bí ọmọ Nàìjíríà bá wọ bàálù, ìgbà tó bá fẹ́ gbéra ló máa ń gbàdúrà, ìgbà tí táyà bá kanlẹ̀ ló sì máa ń pàtẹ́wọ́. Ìrìn jẹ́jẹ́ tí bàálù ń rìn láti ẹnu ilé èrò dé ojú rọ́nwéè kì í bà á lẹ́rù rárá. Bẹ́ẹ̀, jàǹbá bàálù tó pa èèyàn jù lọ láyé, ilẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1977, ní erékùṣù Tenerife, bàálù ńlá méjì forí sọ ara wọn nínú kùrukùru, èèyàn 583 sì kú. Ọ̀kan ti ń sáré láti gbéra. Èkejì ṣì ń wá ibi tí yóò gbà yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ohun tó ń fà á kò ṣòro láti yéni. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù ńlá, páílọ́ọ̀tì kì í rí ṣóńṣó apá ọkọ̀ rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí. Rédíò ni wọ́n fi ń sọ fún un pé kó gba ọ̀nà báyìí, kó dúró níbi báyìí. Òun náà á tún un sọ padà kí ẹni tó wà nínú táwà lè mọ̀ pé ó gbọ́ ọ yé. Lọ́sàn-án tí ojú ọjọ́ mọ́, ojú á máa ran etí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá bolẹ̀, tàbí tí òjò òru ń rọ̀ n'Ìkẹjà, etí nìkan ló kù, etí a sì máa ṣì í gbọ́.

Ẹ wo pápákọ̀ Linate, ní Milan, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá 2001. Bàálù kékeré kan ṣìnà nínú kùrukùru, ó gba ọ̀nà R6 dípò R5. Páílọ́ọ̀tì rẹ̀ tilẹ̀ sọ ọ́ lórí rédíò pé òun ti dé àmì S4. Ẹni tó ń darí rẹ̀ kò mọ ibi tí S4 wà, kò sì béèrè. Wọ́n ti yọ rádà tó ń ṣọ́ ilẹ̀ kúrò. Wọn ò tíì gbé tuntun dìde. Bàálù SAS tó ń gbéra kọlù ú, èèyàn 118 lọ. Àjọ bí mélòó kan ló jọ ń pín iṣẹ́ pápákọ̀ náà, àmì tó ti ṣá sì wà láàárín wọn láìsí ẹni tó kà á sí tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín, tí n kò kọ ọ́ sí àjọ kankan. Nílé tiwa, NAMA ló ni táwà, FAAN ló ni ọ̀nà àti iná, NCAA ló ń yẹ̀ wọ́n wò. Ọ́fíìsì yín nìkan ni gbogbo wọn ti pàdé. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí rọ́nwéè tó sún mọ́ ilé èrò abẹ́lé n'Ìkẹjà fi wà láìní iná. Nígbà náà, bí oòrùn bá ti wọ̀, bàálù gbogbo á rọ́ lọ sí rọ́nwéè kejì, ti abẹ́lé á sì máa rìn láàárín àwọn àgbà ọkọ̀ tó ń lọ òkè òkun. Iná ti dé ibẹ̀ báyìí, a dúpẹ́. Àmọ́ ta la pè kó wá ṣàlàyé gbogbo ọdún tó fi ṣókùnkùn? Ní oṣù Keje 2019, ọkùnrin kan jáde láti inú igbó, ó gun apá bàálù tó ń dúró de àṣẹ láti gbéra n'Ìkẹjà kan náà. Bí ènìyàn bá lè rìn débẹ̀, kí ni ọkọ̀ ẹrù tó ṣìnà ò ní lè ṣe?

Ẹ má sì jẹ́ kí kọngílá kan wá sọ fún yín pé ẹ̀rọ nìkan ló kù o. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kíní 2024, ní Haneda ní Tokyo, wọ́n sọ fún bàálù àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun tó fẹ́ gbé ìrànwọ́ lọ fún àwọn tí ilẹ̀ mì mọ́ pé òun ni nọ́ńbà kìíní, kó lọ dúró sí C5. Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì rò pé wọ́n ti yọ̀ǹda rọ́nwéè fún òun. Ó wọ ibẹ̀, ó sì dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá ogójì. Àwọ̀ ti yí padà lójú ẹ̀rọ inú táwà láti kìlọ̀. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Bàálù Japan Airlines balẹ̀ lù ú. Èèyàn 379 tó wà nínú rẹ̀ jáde láàyè, márùn-ún nínú mẹ́fà tó wà nínú ti ẹ̀ṣọ́ kú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba Japan fi òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà lọ sídìí rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú ti wà ní Haneda tẹ́lẹ̀, ẹni tí yóò là á ni kò sí.

Níbi tí ẹ̀rọ àti ẹni tó ń wò ó bá ti pé, ẹ̀mí kì í sábà bọ́. Ní JFK ní New York, ní ọjọ́ 13 oṣù Kíní 2023, bàálù kan ṣìnà kọjá lójú rọ́nwéè nígbà tí òmíràn ti ń sáré bọ̀. Ẹ̀rọ ké, ẹni inú táwà figbe ta, páílọ́ọ̀tì tẹ bíréèkì. Ẹnikẹ́ni ò fara pa.

Ẹgbẹ́ àwọn adarí bàálù wa, NATCA, ti pariwo léraléra pé àwọn ò tó níye. Ẹ gbọ́ tiwọn kí ẹ tó tún ṣí ilé èrò mìíràn. Kí ẹ sì tẹ èsì àwọn ìbéèrè yìí jáde fún gbogbo ìlú: táwà wo, nínú Èkó, Àbújá, Kano àti Port Harcourt, ló ní rádà tó ń ṣọ́ ilẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ òní? Ibo ni iná pupa tó ń dá bàálù dúró lẹ́nu rọ́nwéè wà, èwo ló ti kú? Ẹ̀ẹ̀melòó ni bàálù tàbí ọkọ̀ wọ rọ́nwéè láìgbàṣẹ lọ́dún tó kọjá? Ní pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan, ta ni ẹnì kan ṣoṣo tí yóò dáhùn fún gbogbo èyí, tí kò ní nawọ́ sí àjọ kejì?

A ń retí orúkọ wọn kí ọyẹ́ tó mú.

Èmi ni tiyín,
Arìnrìnàjò kan, Ìkẹjà