Kí A Yẹ Jíà Wò Kí A Tó Tú U

Àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò tí ń kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ararọ̀mí-Òwu lọ sí Ìkirè àti Àpòmù mọ ohun tí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù jẹ́ fún wọn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí ń ti Amẹ́ríkà wá ni ó ń yí jíà fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé, bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọ̀ láti yí jíà, ọ̀rọ̀ kan ni olówó rẹ̀ sábà máa ń gbọ́: "Jíà ti kú, ẹ lọ ra òmíràn." Owó kòkó ọdún kan lè bá ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí lọ.

A kò wí pé jíà kì í kú. Ohun tí a ń wí ni pé ìdájọ́ kò gbọdọ̀ ṣáájú ìwádìí. Epo ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, nítorí agbára epo ni jíà yìí fi ń ṣiṣẹ́. Bí epo bá dín, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké, ọkọ̀ kò sì ní rìn bí ó ti yẹ. Epo tí ó dúdú, tí ó ń rùn bí ohun tí ó jóná, ń sọ fún wa pé kílọ́ọ̀ṣì inú jíà ti ń jẹ tán. Bí ó bá sì dà bí ògì tí a po epo pupa mọ́, omi rádíétọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Àwọn tí ó ra Nissan Frontier tí a ṣe láàárín 2005 sí 2010 mọ ìyọnu yìí: inú rádíétọ̀ ni epo jíà ti ń tutù, ibẹ̀ a sì máa lu. Ẹni tí ó bá ra jíà mìíràn láì pààrọ̀ rádíétọ̀ yóò tún ra ẹ̀kẹta.

Ẹlẹ́rìí kejì ni kọ̀ǹpútà. Láti 1996 ni ojúhò tí a fi ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ti wà nínú gbogbo irú ọkọ̀ kékeré tuntun tí a ń tà ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n bí ó bá dáhùn pé P0700, kò tíì dárúkọ olè. Ó kàn ké pé olè wà nínú ilé ni. A ní láti wádìí síwájú. Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà ni ó há ọkọ̀ mọ́ jíà kan ṣoṣo kí inú rẹ̀ má baà bàjẹ́, nítorí wáyà kan tí ó já. Iṣẹ́ rìwáyà nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ń tú jíà.

A kò sì ní ṣàì bá àwọn awakọ̀ wí. Wọn a so irú ọkọ̀ yìí mọ́ ọkọ̀ mìíràn, wọn a sì wọ́ ọ láti ọ̀nà oko dé Ìkirè pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pípa. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí pọ́ǹpù epo jíà. Bí ó bá kú, epo kò ní dé ibi tí ó yẹ. Jíà tí ó sàn tẹ́lẹ̀ lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, tàbí kí wọ́n tú ọ̀pá tí ń yí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí kò kàwé dáadáa kò lè lóye ohun tí kọ̀ǹpútà kọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì rí yín ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí olùdíje yín bá tún dé Ararọ̀mí-Òwu wá tọrọ ìbò, ẹ bi í bóyá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ tí ó wà ní ẹkùn rẹ̀ ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí a fi ń yẹ ọkọ̀ wò.