Báńkì ní àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ, àwọn tó lè kà á ni kò tó

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Alájọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè irú ẹni tí oníbàárà rẹ̀ jẹ́. Bó bá ti wo káàdì ìyá aláta, ó mọ̀ pé ọjọ́ ọjà lowó ń wọlé fún un, àti pé bí iléèwé bá wọlé, ọwọ́ rẹ̀ a gbẹ díẹ̀. Bí àjèjì bá wá lóru láti gba gbogbo owó náà lórúkọ rẹ̀, alájọ á fura.

Ohun tí alájọ ń ṣe fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni báńkì gbọ́dọ̀ máa ṣe fún ọ̀kẹ́ àìmọye. Iṣẹ́ yìí làwọn òyìnbó ń pè ní data analytics. Kì í ṣe dátà tí àwọn ọmọ ń rà sórí fóònù o. Kíka àkọsílẹ̀ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ni, kí ohun tó fara sin níbẹ̀ lè hàn síta. Ó ṣeni láàánú pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò tó nínú àwọn báńkì ilẹ̀ yìí.

Àkọsílẹ̀ kọ́ ló wọ́n. Láti oṣù kejì ọdún 2014 tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, ti gbé BVN kalẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo ló so gbogbo àkáǹtì tí ènìyàn ní pọ̀. Nígbà tí owó Náírà di ọ̀wọ́n gógó níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tàgbà tèwe ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù sanwó. Gbogbo rẹ̀ ló ń fi ipasẹ̀ sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà báńkì. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè mọ ohun tó yẹ kó ṣọ́ bí ènìyàn kò bá kọ́ ọ.

Láti ọdún 2022 làwọn ọ̀gá báńkì ti ń ké gbàjarè pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sí Kánádà àti Ìlú Ọba. Àwọn mìíràn jókòó sílé níbí, ilé iṣẹ́ òkè òkun ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń gba dọ́là. Báńkì sì ń já òṣìṣẹ́ gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bí ẹni ń bu omi láti inú ìkòkò kan sí òmíràn.

Ará oko àti àgbàlagbà ló ń jìyà rẹ̀ jù. Bí gbájú-ẹ̀ bá ń fa owó ìfẹ̀yìntì tíṣà yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín òru, ta ni yóò rí i kó tó tán? Àgbẹ̀ kòkó tí owó rẹ̀ ń wọlé lẹ́yìn ìkórè nìkan, ẹni tí kò lè ka àkáǹtì rẹ̀ á ní kò rówó san gbèsè, á sì ní kó mú ìwé ilé wá kó tó yá a lówó.

Lóòótọ́, ní oṣù kẹta ọdún 2024, CBN pàṣẹ pé kí owó ìdókòwò àwọn báńkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun tó 500 bílíọ̀nù Náírà. Ṣùgbọ́n owó nìkan kò tó. Lẹ́yìn àṣẹ 25 bílíọ̀nù Náírà, báńkì 89 di 25 ní ìparí ọdún 2005. Síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, CBN yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò nítorí gbèsè tí kò ṣeé gbà padà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí àwọn báńkì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn ní ìmọ̀ yìí, kí wọ́n sì sanwó tó jọjú fún wọn. Kí àwọn yunifásítì má fi ìmọ̀ ìṣirò mọ sórí pátákó. Kí CBN náà máa béèrè lọ́wọ́ báńkì kọ̀ọ̀kan iye àwọn tó ń ṣọ́ owó aráàlú, bó ti ń béèrè iye owó tó wà lápò wọn. Ẹni tó gba ìṣúra tọ́jú kò gbọdọ̀ di ojú rẹ̀.