Ẹ Fún Sáyẹ́ǹsì Náà Ní Àga Ní Àpérò Kọ̀ǹpútà Wa

Tí wọ́n bá pè yín sí àpérò àwọn tó ń kọ kóòdù ní Èkó, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀. Ẹnì kan á sọ bí èèyàn ṣe lè rí iṣẹ́ tí wọ́n ti ń san dọ́là. Ẹlòmíràn á sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù ìsanwó. A ó ya fọ́tò, a ó gba sítíkà tí a máa lẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù, a ó sì gbalé lọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Owó dùn, iṣẹ́ sì ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mi kì í rí tó níbẹ̀, ìyẹn ni sáyẹ́ǹsì. Èrò tèmi ni pé àwa tí a wà ní Ṣómólú àti Bàrígà nílò àpérò tí ẹni tó ń kọ kóòdù àti ẹni tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì yóò ti jókòó sídìí tábìlì kan náà, kí wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́.

Kí ni kóòdù sáyẹ́ǹsì gan-an? Kóòdù tí èèyàn kọ láti fi wá ìdáhùn sí ìbéèrè nípa ayé ni: báwo ni òjò tó rọ̀ ṣe pọ̀ tó, ọ̀nà wo ni àrùn ń gbà tàn, kí ló wà nínú omi kànga wa. Ìṣirò irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń ju agbára ọwọ́ lọ, ó sì máa ń ju agbára Excel náà lọ nígbà míì. Ní 2020, orúkọ àwọn èèyàn tó lé ní 15,000 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní kòrónà ní England kò wọnú ìṣirò ìjọba lásìkò. Kí ló fà á? Fáìlì Excel ayé àtijọ́ tí wọ́n ń kó orúkọ náà sí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Fáìlì ti kún, orúkọ tó kù sì bọ́ sílẹ̀. Ìlú olówó ni o!

Ẹ jẹ́ ká padà wá sílé. Ní oṣù kejì ọdún 2020 kan náà, ẹgbẹ́ Open Source Community Africa ṣe àpérò ńlá wọn àkọ́kọ́ ní Gbàgádà, ìtòsí Bàrígà níbí. Ọ̀rọ̀ kóòdù ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé lè ṣí wò, tí wọ́n sì lè tún ṣe, ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ sọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù yẹn gan-an, àyẹ̀wò fìdí aláìsàn kòrónà àkọ́kọ́ múlẹ̀ ní Èkó. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ní ACEGID, Redeemer's University, ní Ẹdẹ, ti ka jíìnì kòkòrò àrùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí ní Áfíríkà fún kòrónà yẹn.

Iṣẹ́ kóòdù ni ìdajì iṣẹ́ yẹn. Jíìnì kòrónà gùn tó nǹkan bí lẹ́tà 30,000, ẹ̀rọ tó ń kà á sì máa ń kà á ní wẹ́wẹ́ ni. Ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n fa ẹ̀dà ìwé ìròyìn kan náà 1,000 ya sí wẹ́wẹ́, wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n wá ní kí ẹ tò ó padà di odindi kan. Kóòdù ló ń wá ibi tí ègé kan ti bá òmíràn mu. Mélòó nínú àwa tí a wà ní Gbàgádà àti agbègbè rẹ̀ ló mọ̀ pé irú kóòdù báyìí wà, pé àwa náà lè kọ ọ́?

Ẹ má sì rò pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló kọ́kọ́ ṣe irinṣẹ́ wọ̀nyí. Fernando Pérez ń kọ́ físíìsì lọ́wọ́ ní yunifásítì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ IPython ní 2001. Inú rẹ̀ ni Jupyter ti jáde. John Hunter ń ṣèwádìí lórí ọpọlọ àwọn tó ní wárápá, ó fẹ́ máa fojú rí àmì iná mànàmáná inú ọpọlọ wọn, ló bá kọ Matplotlib, tó jáde ní 2003. Àwọn tó ń lo irú kóòdù yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní àpérò SciPy láti 2002. Nígbà tí gbogbo ayé rí fọ́tò ihò dúdú M87 ní 2019, NumPy àti Matplotlib wà lára ohun tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ rẹ̀. NumPy tí wọ́n lò yẹn náà ni ẹni tó wà ní Bajúláìyé máa rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tó jẹ́ Ṣómólú àti Bàrígà? Ẹ wo àwọn atẹ̀wé Ṣómólú. Ṣọ́ọ̀bù kan ń ya ìwé sórí kọ̀ǹpútà, òmíràn ń ṣe péléètì, òmíràn ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òmíràn ń gé e, òmíràn ń dì í. Kò sẹ́ni tó ní gbogbo ẹ̀rọ tán, síbẹ̀ ìwé ń jáde lójoojúmọ́. Bí kóòdù ọ̀fẹ́ ṣe ń rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ nìyẹn. Yunifásítì Èkó wà ní Àkókà, kò jìnnà rárá. CMS Grammar School, ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà láti 1859, Bàrígà ló wà lónìí. Èèyàn kò wọ́n wa.

Ìbéèrè náà kò wọ́n wa. Ẹ wo Ìlàjẹ ní etí ọ̀sà ní Bàrígà. Tí òjò bá rọ̀, ilé ta ni omi máa kọ́kọ́ wọ̀? Dátà ọ̀fẹ́ wà tí èèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour fi ọjọ́ 11 wọn gíga ilẹ̀ ayé láti òkè. SRTM ni wọ́n ń pe dátà yẹn. Pẹ̀lú ìlà Python díẹ̀, ẹ lè gbé ti Bàrígà jáde, kí ẹ rí ibi tí ilẹ̀ ti ga àti ibi tó ti dagun.

Wàhálà ibẹ̀ rèé: nọ́ńbà kan dúró fún ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 30 sí mítà 30. Gọ́tà, fẹ́ńsì àti ọ̀nà tóóró Ìlàjẹ pòórá sínú rẹ̀. Níbi tí ilé ti há mọ́ra, òrùlé ni ó máa ń kà sí ilẹ̀. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú tépù lọ wọn gọ́tà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ kóòdù. Ẹnì kan tó ń gbé àdúgbò gbọ́dọ̀ sọ ibi tí omi máa ń kọ́kọ́ gbà wọlé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ibo làwọn mẹ́ta yìí máa ti pàdé, tí kì í bá ṣe ní àpérò?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní sáyẹ́ǹsì ò sanwó. Ó dáa. Ẹni tó bá lè fọ dátà òjò mọ́, tó lè fi NumPy ṣírò rẹ̀, tó sì lè yà á sójú àwòrán, ti mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ dátà àti AI tí gbogbo yín ń wá. Àwọn míì á ní iná ò sí, dátà wọ́n. Ìdí tó fi yẹ ká pàdé gan-an nìyẹn: jẹnẹrétọ̀ kan lè gbé ogójì láptọ́ọ̀pù, fáìlì NumPy kò sì tó 30 MB, flash kan lè pín in kárí.

A dúpẹ́ fún PyCon Nigeria tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, àti PyCon Africa tó kọ́kọ́ wáyé ní Accra ní 2019. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ Bàrígà ló rówó ọkọ̀ Accra. Ẹ jẹ́ kí kékeré wà níbí. Kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ nìkan, tí kò sí ẹni tó máa gba máìkì. Kí ẹni tó bá ń bọ̀ mú ìbéèrè kan dání. Kí wọ́n gba Yorùbá láàyè, torí ìyá tó mọ ibi tí omi ń gbà lè má gbọ́ òyìnbó àwọn tó ń kọ kóòdù. Tó bá parí, kí wọ́n gbé kóòdù àti dátà ọjọ́ yẹn síbi tí ẹlòmíràn ti lè mú un, kó sì tẹ̀síwájú.

Ẹ̀yin tó ń ṣètò àpérò, tábìlì kan péré ni mo ń tọrọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ jáde nínú láàbù kí ẹ wá jókòó sí i. Ìbéèrè wo ló wà ní àdúgbò tiyín?